Ẹní Koríko Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ohùn ìgbálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe ti ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, èyí tó máa ń ha èèyàn létí, bí kò ṣe ti ọwọ̀ lórí ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjerò, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé kókò, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè ilé wa ṣì ń gbàdúrà àárọ̀ lóhùn rara, tí ewúrẹ́ Ìyá Àgbà sì ti ń ké pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Èmi ni mo ń gbálẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún náà, èmi nìkan sì ni ọmọ tó wà nílé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé oòrùn kò gbọdọ̀ yọ bá pàǹtí nínú ọgbà òun. Kò ní kí n gbá a mọ́ lásán o. Ó ní kí ojú ọwọ̀ hàn nílẹ̀, kí ẹni tó bá kọjá lè mọ̀ pé wọ́n ti jí nínú ilé yìí. Mo ti bí ọmọ mẹ́ta báyìí, iṣẹ́ tíṣà sì ti sọ mí di ẹni tó máa ń rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Síbẹ̀, tí mo bá gbọ́ ìgbálẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́, ọwọ́ á kọ́kọ́ máa ro mí kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Ọdún tí Bàámi fi iṣẹ́ Ìbàdàn sílẹ̀ wálé ni mò ń sọ. Ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ ló ní pápá gọ́ọ̀fù fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, Bàámi sì wà lára àwọn tó ń tọ́jú koríko pápá náà. Ẹni tí kò bá mọ gọ́ọ̀fù, kó ṣáà mọ̀ pé eré àwọn olówó ni: wọ́n á fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù funfun kan tí kò tó ẹyin adìẹ, wọ́n á sì máa tẹ̀ lé e kiri títí yóò fi bọ́ sínú ihò. Lójú tèmi, iṣẹ́ àṣedànù gbáà ni. Bàámi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tí àwọn ọ̀gá kì í wá, wọ́n máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ láyè láti gbá a, ó sì máa ń sọ fún wa pé tó bá ti ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí bọ́ọ̀lù dé ihò, kò sí ẹni tó tó òun. Kì í fọ́nnu lórí ohun mìíràn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló fi ń yangàn, ọwọ́ yẹn gan-an ni àìsàn sì wá mú. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò dá a lóhùn mọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, ẹsẹ̀ ti ń rìn, ọwọ́ náà sì ti ń di nǹkan mú, àmọ́ dókítà kò lè sọ bóyá yóò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Wọ́n fún un ní oògùn tó máa ń jẹ́ kó sùn títí oòrùn yóò fi ga.

Ọ̀gá rẹ̀ kan tó ń kó kúrò nílé ló fún un ní ẹ̀bùn ìdágbére: koríko onírọ́bà, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sẹ́yìnkùlé kí èèyàn lè máa gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò nínú ọgbà ara rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá kan àti bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Wọ́n ká koríko náà bí ẹní, wọ́n dè é mọ́ orí bọ́ọ̀sì, òun àti Bàámi sì jọ la gbogbo kọ́nà orí òkè Ẹ̀fọ̀n kọjá. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Aràmọ̀kọ́, àwọn èrò ń béèrè bóyá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Bàámi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó ti rẹ òun jù láti máa ṣàlàyé gọ́ọ̀fù fún ẹni tó gbé adìẹ méjì sórí itan.

Oko kòkó bàbá rẹ̀ ló ń bọ̀ wá mójú tó nílé. Láti ìgbà tí Bàbá Àgbà ti kú ni Ìyá Àgbà ti ń dá a mójú tó, ó sì ti ń sọ pé eegun òun kò gbà á mọ́. Ẹni tó bá mọ oko kòkó á mọ̀ pé gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ ni èèyàn lè bẹ ọlọ́wẹ̀ sí, àmọ́ ojú ẹni tó ni oko ni wọ́n ń wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fọ́ kòkó. Òun ni yóò kọ́kọ́ mú àdá. Wàá gbé kòkó lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, wàá fi àdá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún sá a lẹ́ẹ̀kan, àdá náà á sì dúró sínú èèpo kó tó kan ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ tí kò bá dá ara rẹ̀ lójú kò gbọdọ̀ dán an wò. Mo mọ ọkùnrin méjì ládùúgbò wa tí ìka wọn kò pé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tó dé ni Bàámi dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Màámi ń gún iyán lọ́wọ́, odó ń dún kì-kì-kì, èmi ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà sì jókòó ti ìdí ààrò, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

“Yèyé,” Bàámi ní, “ẹ jẹ́ n lo ẹ̀yìn ulé yẹn.”

“Ẹ̀yìn ulé tí mo ti ń sá kòkó kí n tó bí ọ? Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ tẹ́ koríko yẹn sí i ni. Mo fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.”

Ìyá Àgbà yíjú sí Màámi. “Ùyàwó mi, ọwọ́ lẹ sọ pé àìsàn yìí mú, àbí orí?”

Màámi tẹ orí ba sínú odó kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín ẹnu rẹ̀. Bàámi fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò pẹ́ tó fi le. Ó ní, “Ọwọ́ ni, Yèyé. Òun ni mo fẹ́ fi bọ́ọ̀lù náà dán wò. Tí mo bá dúró ní ìṣísẹ̀ méje, tí mo gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, tí mẹ́jọ wọlé, a jẹ́ pé ọwọ́ mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Màá mú àdá, màá fọ́ kòkó lọ́dún yìí. Tí kò bá ṣeé ṣe títí kòkó á fi pọ́n, màá fa oko lé Jídé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tán.”

Jídé ni àbúrò rẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà nínú ìlú. Ọmọrí odó ti dákẹ́. Ìyá Àgbà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, “Tẹ́ ẹ nígbà náà. Màá lọ sá kòkó sí ojúde.” A jẹ iyán wa pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, Bàámi sì fi ọwọ́ ọ̀tún gé òkèlè tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Bíríkìlà kan láti Adó tó ti bá wọn tẹ́ irú rẹ̀ rí ní òtẹ́ẹ̀lì ló wá ṣe iṣẹ́ náà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹní lásán sí lè gba wàhálà tó báyẹn. Wọ́n hú kókò Ìyá Àgbà kúrò, wọ́n wa ilẹ̀ títí ó fi mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n da òkúta lílọ̀ lé e, wọ́n ní kí n máa pọn omi wá. Láti ìdí ẹ̀rọ omi àdúgbò ni mo ti ń pọn ọ́n, garawa lórí garawa, títí ọrùn mi fi wọlé. Wọ́n ń wọ́n omi, wọ́n ń fi òlù lù ú, ilẹ̀ ń dún gìdì-gìdì lójoojúmọ́, adìẹ kò sì lè sàba. Bàámi jókòó sórí àpótí, ó ń fi okùn wo bó ṣe tẹ́jú sí. Nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n tẹ́ koríko náà sínú oòrùn kó lè nà, wọ́n kan ìṣó yí etí rẹ̀ ká, wọ́n ri agolo mílíìkì mọ́ ibi tí ihò wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ yanrìn odò, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n sì fọ́n ọn sáàárín koríko náà káàkiri. Ilé-ìwé ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́n yanrìn. Ohun tí bíríkìlà yẹn sọ fún Bàámi lọ́jọ́ náà, ìgbà tó ti pẹ́ jù ni mo tó gbọ́ ọ. Ó ní, “Bàbá, tí ẹ ò bá rí yanrìn yìí mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ má mikàn. Ó wọ ìdí koríko lọ nìyẹn. Ẹ kàn máa bu díẹ̀ kún un lọ́jọọjọ́ Sátidé fún oṣù kan.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo wa jáde sẹ́yìnkùlé. Bàámi fara ti ògiri balùwẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń fẹ́ ohun tí yóò fara tì, ó sì to bọ́ọ̀lù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀. Ihò wà lọ́ọ̀ọ́kán nídìí igi ọsàn. Ó gbá àkọ́kọ́, ó yí lọ jẹ́jẹ́, ó bọ́ sínú agolo, ó dún kàn. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn náà. Méje wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Àgbà tí kò mọ ohun tí wọ́n ń kà ń pàtẹ́wọ́ fún èyí tó wọlé àti èyí tí kò wọlé. Bàámi ní, “Ó ku ẹyọ kan péré,” ó sì yára wọlé. Màámi fi ẹran kún ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Bàámi ń sùn, oògùn ti mú un lọ. Ìyá Àgbà jáde wá fọ ojú, ó bẹ̀rẹ̀ wo koríko náà, ó sì fi ìka kan yanrìn inú rẹ̀. “Àṣàkẹ́,” ó ní, oríkì mi ló máa ń pè mí, “ta ló da yanrìn sórí ẹní bàbá rẹ?”

“N ò mọ̀, mà. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àná.”

“Ẹ ò rí uṣẹ́ wọn! Wọ́n ṣuṣẹ́ tán, wọn ò palẹ̀ mọ́. Ẹní tuntun bẹ́ẹ̀! Gbá a dànù jàre. Ti ugbálẹ̀ bọ̀ ọ́ nídìí dáadáa.”

Mo ti ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́ nídìí. Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní irú ilẹ̀ mìíràn. Nínú ilé wa, ohun tí a bá tẹ́ sílẹ̀, a máa ń gbọn yanrìn kúrò lára rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ẹní, ìbáà ṣe kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni mo gbá a sí, nítorí pé ibẹ̀ ni mo máa ń gbá gbogbo pàǹtí lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é. Tí Bàámi bá fọ́n tuntun sí i ní Sátidé, màá gbá a kúrò láàárọ̀ Sunday kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Yanrìn náà di òkìtì kékeré lẹ́yìn ilé ìdáná, ó funfun, ó kúnná, Ìyá Àgbà sì ń bù ú fọ ìkòkò. Ìkòkò wa kò dán tó báyẹn rí. Bàámi náà ń yọ̀ pé òun kò rí yanrìn mọ́, ó ní ó ti jókòó. Ó tilẹ̀ pè mí lọ́jọ́ kan, ó rò pé ewé ọsàn nìkan ni mo ń gbá kúrò, ó ní, “Bọ́sẹ̀, o ṣeun o. Koríko mi ń dán.” Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kó tó jí.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Mẹ́fà wọlé, lẹ́yìn náà mẹ́rin, lẹ́yìn náà méjì. Á kúrò lẹ́nu ọ̀pá dáadáa, á dé àárín, á wá rọra tẹ̀ sọ́wọ́ òsì, sí ìhà ilé ìdáná. Bàámi yí ìdúró rẹ̀ padà. Ó yí bó ṣe di ọ̀pá mú padà. Ó fi òróró pa ọwọ́, ó ń fún bọ́ọ̀lù rọ́bà mọ́wọ́ látàárọ̀ kó lè lágbára, ó bẹ pásítọ̀ kó wá gbàdúrà lé e lórí. Lójoojúmọ́ ni mo ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tí mò ń fọkàn gbàdúrà pé kó wọlé, Olúwa, kó wọlé. Nígbà tí kò wọlé, mo rò pé ó ní láti jẹ́ pé ìdọ̀tí kan ṣì kù nídìí koríko tó ń dí i lọ́wọ́. Mo wá ọwọ̀ tó le jù lọ nínú ilé, mo kúnlẹ̀, mo sì gbá a títí ẹ̀yìn mi fi ń ro mí. Tí mo bá rántí ìkúnlẹ̀ yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n sunkún títí di òní.

Kòkó pọ́n. Bàámi gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Friday kan, kò sí èyí tó wọlé. Kò bínú, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ṣa wọ́n sínú ike, ó pe Jídé, ó sì gbé àdá Bàbá Àgbà fún un lójú gbogbo wa. Jídé dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì ní okun. Ẹ jẹ́ ká dúró di ọdún tó ń bọ̀.” Bàámi ní, “Ọwọ́ yìí ti sọ tirẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, Jídé. Gbà á.” Ọwọ́ òsì ló fi gbé e fún un. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa, kí àgbàlagbà fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan fún èèyàn, àmọ́ a ṣe bí ẹni pé a kò rí i. Láti ọjọ́ náà, Bàámi kò fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe ohunkóhun níwájú ẹlòmíràn mọ́. Abẹ́ aṣọ ló ń fi í sí. Tó bá fẹ́ gba omi lọ́wọ́ ọmọdé, tó bá fẹ́ bọ àlejò lọ́wọ́, á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì: “Ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni.” Ọdún lórí ọdún ni mo fi ń gbọ́ gbólóhùn yẹn. Ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú Ìyá Àgbà. Ó sọ ọ́ fún àwọn àna mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Wọn ò jẹ́ kí ojú tì í, wọ́n ní kò sí wàhálà, èmi sì ń wo ilẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá ni ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Adó tẹ́ koríko onírọ́bà síbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Mo ń kọjá lọ sí kíláàsì mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ìyá tó ń bá wa gbálẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń fi ọwọ̀ gbá yanrìn kúrò nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó tẹ́ ẹ sáré dé, ó ké, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a! Yanrìn yẹn ló gbé koríko náà dúró. Tẹ́ ẹ bá gbá a kúrò, gbogbo rẹ̀ á sùn sí apá ibi tẹ́ ẹ gbá a sí, bọ́ọ̀lù ò ní rìn tààrà lórí rẹ̀ mọ́.” Ìyá náà ní kí wọ́n forí ji òun, òun rò pé ìdọ̀tí ni. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pariwo, wọ́n ń pè mí. Ilé ìdáná. Apá ilé ìdáná ni mo ń gbá a sí, apá ilé ìdáná ni bọ́ọ̀lù ń yà sí.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé e mọ́ra kí n tó lè lọ sílé. Mo rò pé kí n má sọ ọ́. Kí ni bàbá arúgbó fẹ́ fi ṣe? Oko ti di ti Jídé àtàwọn ọmọ rẹ̀, koríko náà ti gbó, ó ti ya, Màámi ti gé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ bo ẹnu àgbá omi. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí láti máa dá gbé e. Mo bá Bàámi lẹ́yìnkùlé nídìí igi ọsàn, níbi tó máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ aṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láì fo ọ̀kankan: yanrìn, ọwọ̀, òkìtì lẹ́yìn ilé ìdáná, ìkòkò. Ìgbà yẹn ni òun náà sọ fún mi ohun tí bíríkìlà Adó wí fún un.

Odó ń dún nílé kejì. Bàámi yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde lábẹ́ aṣọ, ó gbé e sí iwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n ní tòótọ́ báyìí, ọjọ́ orí ti mú un.

“Apá ilé ìdáná lo ń gbá a sí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Lójoojúmọ́?”

“Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, sà. Ẹ forí jì mí, Bàámi.”

“Kì í ṣe ọwọ́ mi nígbà náà.”

“Kì í ṣe ọwọ́ yín, sà.”

Ó mi orí. Mo ń retí ìbínú, mo tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Ó ní, “Ẹ̀yìnkùlé yẹn mọ́ o. Ká sọ òótọ́, ó mọ́.” Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò bọ́. Ìgbà tó ṣe, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, ó ti rẹ òun, kí n fa òun dìde kí a wọlé. Mo dìde, mo na ọwọ́ òsì mi sí i bí gbogbo wa ti máa ń ṣe nínú ilé láti ọjọ́ yìí wá. Kò gbà á. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí mi, ó ń gbọ̀n, ó sì dúró kí n gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún ni.